Ṣé-Ẹ-Ti-Lọ, Agéṣọ Tó Ń Gba Ìfun Ẹlòmíì Rò

Ìtàn tí gbogbo ilé ìránṣọ náà kọ́kọ́ máa ń sọ nípa olóògbé agéṣọ wọn ni ti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan tó bi màdáàmù ní ìbéèrè. Màdáàmù ló ni ilé ìránṣọ ọ̀hún, níbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ iléèwé. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìbínú ló bá wọlé. Ó ní fèrèsé dọ̀tí. Ó ní aago ara ògiri ń parọ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń gbẹ́ ihò bọ́tìnnì, ó gbé ẹ̀wù kan sókè, ó ní bí ihò bọ́tìnnì ibẹ̀ ṣe wọ́ yìí, kí ìyá náà palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kó máa lọ sílé. Omi ti lé ròrò sójú ìyá oníbọ́tìnnì. Ìgbà yẹn ni agéṣọ, tó dúró nídìí tábìlì gígùn tó wà láàárín yàrá, rọra gbé àlùmọ́gàjí rẹ̀ sílẹ̀.

“Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú,” ó ní. “Ṣé ẹ ti lọ?”

“Lọ síbo?”

“Ilé ìgbọ̀nsẹ̀.”

Gbogbo ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Òwú já lọ́wọ́ ẹnì kan, kò tilẹ̀ wò ó. Màdáàmù nàka sẹ́nu ọ̀nà. Agéṣọ kò jiyàn. Ó fi téèpù kọ́rùn, ó ní ó dàbọ̀ o, ó sì jáde. Kò tíì dé títì tí wọ́n fi ní kí ìyá oníbọ́tìnnì sáré lọ pè é padà. Nígbà tó wọlé, màdáàmù kò wojú rẹ̀. Ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀. “Láti ọjọ́ Sátidé ni,” ó ní.

Bó ṣe di Ṣé-ẹ-ti-lọ nìyẹn. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó ń jẹ́ ẹ. Ní tiẹ̀, kò sí wàhálà kan láyé tí kò lè ti inú ìfun wá. Bí orí bá ń fọ́ ọ, inú ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Bí o ò bá rí oorun sùn, inú ni. Obìnrin kan tó ń ran apá ẹ̀wù wá bá a lọ́jọ́ kan, ó ní òun àti ọkọ òun ò gbọ́ ara àwọn yé mọ́, àfi kí wọ́n ṣáà máa jà. Agéṣọ tẹ́tí sílẹ̀, ó káàánú rẹ̀ gidigidi. “Kí lẹ jẹ lánàá?” ó béèrè. Obìnrin náà ní, “Ta ni? Èmi àbí òun?” Ó ní, “Ẹ̀yin méjèèjì.”

Ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ á rò pé àwàdà ló ń ṣe. Kì í ṣe àwàdà rárá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, káfíńtà tó máa ń dá gbé ilẹ̀kùn gun àtẹ̀gùn láìmí hẹlẹ, ni àrùn ìfun pa. Ó ti pẹ́ tó ti ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó máa ń fọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìnkùlé kí ará ilé tó jí, wọ́n rò pé ìmọ́tótó ló ń ṣe. Ó ń rù, wọ́n ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọsibítù, jẹjẹrẹ tó wà nínú ìfun ńlá rẹ̀ ti dé inú ẹ̀dọ̀. Wọ́n ní kí ló dé tí kò tètè sọ. “Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?” ni ó fi dá wọn lóhùn. “Kò sẹ́ni tó bi mí.” Àbúrò rẹ̀ agéṣọ wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bi gbogbo ayé.

Nílé ìránṣọ, ó ṣàkíyèsí pé àwọn obìnrin tó ń ránṣọ kì í mumi. Wọ́n á jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ètè wọn á gbẹ. Kì í ṣe pé òùngbẹ kì í gbẹ wọ́n, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kò ní irin ìtìlẹ̀kùn. Ẹni tó bá wọlé níbẹ̀, àfi kó na ẹsẹ̀ kan ti ilẹ̀kùn, kó sì máa kọrin kí wọ́n lè mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀. Agéṣọ sọ fún màdáàmù. Màdáàmù ní òun ti gbọ́. Ó tún sọ, màdáàmù tún ní òun ti gbọ́. Lọ́jọ́ kan, màdáàmù wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn tún ṣí padà.

“Ta ló yọ irin ìtìlẹ̀kùn mi?”

“Èmi ni, mà,” agéṣọ dáhùn láti ìdí tábìlì. “Ní ọ́fíìsì, ẹ̀yin nìkan lẹ ń lò ó. Níbi tí mo kàn án sí báyìí, gbogbo wa la ó jọ máa lò ó.”

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, ike omi dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Orí fífọ́ tó máa ń mú ìdajì wọn lọ́sàn-án dínkù. Orin náà sì tán, èyí tó dun agéṣọ díẹ̀, nítorí ó ní ohùn ìyá oníbọ́tìnnì dára.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó gbà gbọ́ ló tọ̀nà. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló ń mu oògùn ìṣunú, ó ní òun ń fọ ìfun òun. Ó tún ń bù ú fún àwọn ará ibi iṣẹ́. Ọjọ́ Sátidé kan ló wá bọ́ sí ọjọ́ tí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ń parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ó mu ún láàárọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó wọ kóòtù tó rán fúnra rẹ̀, ó jókòó níwájú pátápátá. Bí wọ́n ṣe pe orúkọ ọmọ náà tó ń bọ̀ lórí pèpéle, baba rẹ̀ dìde fùú, ó gba àárín àga sáré jáde, ó ń fọwọ́ méjèèjì di ìgbátí ṣòkòtò mú. Ọkùnrin tó di gbohùngbohùn mú ní, “Ẹ bá wa pàtẹ́wọ́ fún bàbá yẹn! Ayọ̀ ti pọ̀ jù fún wọn!” Gbogbo gbọ̀ngàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ tẹ̀ lé e títí tó fi rí ilẹ̀kùn tó ń wá.

Nígbà tí wọ́n délé, ọmọ náà fi í jókòó ní ilé ìdáná.

“Dádì, ta ló ní kẹ́ ẹ máa fọ ìfun bí ẹni ń fọ páìpù? Ohun alààyè ni ìfun yín. Tẹ́ ẹ bá ń fi oògùn lé e káàkiri lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á gbàgbé iṣẹ́ ara ẹ̀.”

“Kí ni kí n wá ṣe?”

“Ẹ máa jẹ ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti èso. Ẹ máa mumi, ẹ máa rìn. Tí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n yín, ẹ má dá a dúró. Tẹ́ ẹ bá wá rí ẹ̀jẹ̀, tàbí tí inú yín yí padà tí kò bọ̀ sípò, dókítà ni kẹ́ ẹ lọ rí. Kì í ṣe oògùn lẹ máa lọ dà mu.”

Ní ọjọ́ Ajé, ó dúró nídìí tábìlì rẹ̀, ó kéde pé òun ti ṣi gbogbo wọn lọ́nà, ó ní kí wọ́n dá oògùn òun padà. Wọ́n ń wo ara wọn. Obìnrin kan wá jẹ́wọ́ pé kò sẹ́ni tó mu ún nínú wọn, inú ìkòkò òdòdó ojú fèrèsé ni àwọn máa ń dà á sí. Ìgbà yẹn ló yé màdáàmù ohun tó pa òdòdó rẹ̀.

Ó pẹ́ lẹ́yìn èyí kí ohùn agéṣọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Agéṣọ tó ń bi gbogbo èèyàn kò bi ẹnikẹ́ni mọ́. Bí wọ́n bá bá a sọ̀rọ̀, ó ń kanra. Ó gé apá kóòtù fún odindi iléèwé kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ apá òsì. Màdáàmù kó wọn wá síwájú rẹ̀, kò pariwo. “Bàbá,” ó ní, “ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ẹ ti lọ?” Ó ní, “Mo ti lọ.” Ó yá a lẹ́nu jù.

Ìyàwó rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé, ló já a. Ọkùnrin yìí kò fọ áńkáṣíìfù rí láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. Ó wá bá a ní bálùwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, níbi tó lóṣòó ti báàfù, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọṣẹ.

“Bàbá Nọ́ọ̀sì, kí lẹ ń fọ̀?”

“Aṣọ ni.”

“Mo rí i pé aṣọ ni.”

Ó gbìyànjú láti fi ara bo báàfù náà, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ ti pọ́n. Ìyàwó rẹ̀ ká ìró rẹ̀ sókè, ó lóṣòó tì í. Àgbà ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé. “Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe máa ń fọ tiẹ̀ nìyí,” ó ní. “Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo rò pé tí mi ò bá sọ ọ́, kò ní jẹ́ òótọ́.” Obìnrin náà gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá a fọ̀ ọ́ tán, ó sá a, wọ́n sì pe ọmọ wọn.

Ní ọsibítù, dókítà ní àwọn máa fi kámẹ́rà wo inú ìfun rẹ̀. “Ẹnu ni yóò gbà wọlé?” ó béèrè. Dókítà ní rárá, ìdí ni. “Ó dáa,” agéṣọ ní, “ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé kí n rẹ́rìn-ín músẹ́.”

Wọ́n rí kókó kan. Jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n kò tíì kúrò nínú ìfun. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, wọ́n sì lẹ àpò kékeré mọ́ ikùn rẹ̀ tí ìgbẹ́ á máa gbà bọ́ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn tó jí, ó kọjú sí ògiri, kò jẹun, kò fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ rí ikùn òun. Bó ṣe wà nìyẹn títí ọjọ́ kan tí nọ́ọ̀sì wá pààrọ̀ àpò náà. Ó gbé orí sókè, ó wo etí àpò ọ̀hún fín-ín-fín. “Ẹni tó rán èyí,” ó ní, “kò kọ́ṣẹ́ délẹ̀.”

Ó ní kí wọ́n bá òun mú òwú, abẹ́rẹ́ àti àgékù aṣọ wá. Ó rán ẹ̀wù fún àpò náà, ó fi aṣọ rírọ̀ tẹ́ ẹ nínú kó má baà ta á lára. Ọkùnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, tí òun náà ní irú àpò bẹ́ẹ̀ tí kò sì ti kúrò lábẹ́ aṣọ ìbora, ní kó bá òun rán ọ̀kan. Kí wọ́n tó dá a sílẹ̀, ó ti ń wọn ikùn àwọn èèyàn káàkiri wọ́ọ̀dù, wọ́n sì ti ń dìde rìn. Obìnrin kan ní kí tòun bá gèlè òun mu.

Ó padà síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn, kò fi ọ̀kan pa mọ́, tó fi mọ́ irọ́ tó pa fún màdáàmù. Ìyá oníbọ́tìnnì dúró títí àwọn tó kù fi lọ. Ó ní, “Bàbá, èmi náà ń rí i. Mo pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí.” Agéṣọ tẹ̀ lé e lọ sí ọsibítù náà, ó sì jókòó síta dè é. Kókó kékeré ni wọ́n bá, èyí tí kò tíì di nǹkan kan, wọ́n sì yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ìyá náà jáde tó sọ fún un, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù níwájú obìnrin tí kò dàgbà tó o. Ó ní Ọlọ́run lòun ń kí, ìyá náà ló dúró sójú ọ̀nà.

Ó lo ọdún bíi mélòó kan sí i lórí ìdúró, pẹ̀lú ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà àrùn ọ̀hún padà, ó wọ inú ẹ̀dọ̀, dókítà kò sì fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún un. Ó kú lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fèrèsé ṣí sílẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń ka iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sí i létí kó lè fi àṣìṣe wọn rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ka ọ̀kan tó dùn, kò gbọ́ ẹ̀rín, ó sì mọ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó wá dúpẹ́ nílé ìránṣọ. Wọ́n gbé àga fún un, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn: ti kámẹ́rà, ti òdòdó, ti kóòtù alápá òsì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí màdáàmù fi ń nu ojú. Ẹnì kan ní, “Bàbá yẹn ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìtìjú!”

“Onítìjú ni,” ìyàwó rẹ̀ ní.

Wọ́n rò pé ó ń ṣeré.

“Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n. Láràárọ̀ kó tó jáde, á dúró níwájú dígí, á máa fi ohùn jẹ́jẹ́ dánra wò bó ṣe máa bi yín. Á làágùn, á tún pààrọ̀ ẹ̀wù. Mo ní, ‘Ẹ fi sílẹ̀ tó bá ń ni yín lára tó báyìí.’ Ó ní ojú á ti òun kú, ṣùgbọ́n ìtìjú tòun ò ní pa ẹlòmíì.”

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Ìyá oníbọ́tìnnì gbá ọwọ́ obìnrin náà mú. Màdáàmù dìde, ó pa iná, ó ní iṣẹ́ tán lónìí. Oòrùn ṣì wà lókè. Gbogbo wọn jọ sìn ín lọ sílé, wọ́n ń rọra rìn, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí ilé náà tètè dé.