Òfin Tí Àkànní Oníbúlọ́ọ̀kù Ṣe fún Nọ́ńbà

Ní ọdún 1978, ẹni tó bá sọ fún yín pé òun mọ búlọ́ọ̀kù í mọ ju Àkànní lọ, láti Aduwawa títí dé Uselu ní ìlú Benin, irọ́ ló pa. Ìwé mẹ́fà péré ló kà, ṣùgbọ́n akọ̀wé ìjọba mẹ́wàá kò lè bá a du ìṣirò. Ohun kan ṣoṣo tó ń wù ú ni láti jẹ́ olùkọ́ kíláàsì ìṣirò ọjọ́ Sátidé tí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Ikpoba Hill fẹ́ dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn. Ọlátúnjí, òṣìṣẹ́ báńkì, náà ń wá iṣẹ́ olùkọ́ yẹn.

Àkànní dìde nípàdé. "Kọ ení, tún kọ ení. Pa méjèèjì pọ̀, ó di èjì. Máa pa méjì tó gbẹ̀yìn pọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ: 3, 5, 8, 13. Láti ipò kẹta lọ, ipò tí nọ́ńbà kankan kò bá lè pín dọ́gba àfi ení àti òun fúnra rẹ̀, nọ́ńbà tó jókòó síbẹ̀ náà kò ní ṣeé pín. Ipò keje, 13. Ìkọkànlá, 89. Ìkẹtàdínlógún, 1,597. Ẹ pín wọn kí n rí yín!"

"Bọ̀dá, ìkọkàndínlógún ńkọ́?" ni Ọlátúnjí wí. "4,181 nìyẹn. Bí kò bá ṣeé pín, ẹ gba kíláàsì. Bó bá ṣeé pín, tèmi ni."

Bí oníbúlọ́ọ̀kù ṣe ń sá búlọ́ọ̀kù ni Àkànní ṣe ń ṣe ìṣirò. Odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ń to 4,181 búlọ́ọ̀kù sí ìlà méjì, ìlà mẹ́ta, ìlà méje, bóyá àwọn ìlà á dọ́gba. Nígbà tó tò ó sí ìlà mọ́kànlá, ẹyọ kan ṣẹ́ kù. Ẹ̀yìn ń dùn ún bí ẹni tí wọ́n lù.

"Bàbá Adéṣọlá," ni Bọ́lánlé ìyàwó rẹ̀ ń pariwo, "oníbàárà ń dúró, ẹ ń to búlọ́ọ̀kù bí ọmọ ayò!"

"Fi mí sílẹ̀, Bọ́lánlé! Iṣẹ́ orí ni mò ń ṣe!"

Lọ́jọ́ ìpàdé tó tẹ̀ lé e, Àkànní ní 4,181 kò ṣeé pín.

"Ìlà mélòó lẹ tò dé, bọ̀dá?" ni Ọlátúnjí bèèrè.

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n!"

"Kí ló dá yín dúró?"

"Ògiri àgbàlá mi ni! Níbo ni kí n tún tò ó sí, inú yàrá ìyàwó mi?"

Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Ọlátúnjí kọ ọ́ sórí ìwé: ìlà 37, búlọ́ọ̀kù 113 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkànní já ìwé náà gbà. 37 lọ́nà ọgọ́rùn-ún, 3,700. 37 lọ́nà mẹ́tàlá, 481. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta; 4,181 ṣáà ni.

"Irú nọ́ńbà burúkú wo rèé? Gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ṣe dáadáa, òun nìkan ló gbàbọ̀dè!"

Ó fa páálí ṣọ́ọ̀kì tó ti rà sílẹ̀ yọ lápò, ó jù ú sí itan Ọlátúnjí.

"Gbà, máa kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọ yẹn bá ń bi ọ́ ní 'Why? Why?' títí orí fi ń fọ́ ọ, má ṣe ránṣẹ́ pè mí o!"