Àwo Tuntun Ẹgbẹ́ Okùn Mẹ́fà àti Ọwọ́ Bàámi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju tábìlì yàrá wa lọ, mo rò pé gbogbo bàbá ló máa ń hu ewú lójoojúmọ́, tí ewú náà á sì bá omi ìwẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ hun aṣọ ni Bàámi ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà. Tí wọ́n bá ti ibẹ̀ dé, òwú á ti bo irun wọn, á bo ìpéǹpéjú wọn, àní á wọ inú etí. Bàbá àgbà ni wọ́n máa ń dà. Wọ́n á bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á da omi lé orí, kí ẹ tó mọ̀, ọ̀dọ́kùnrin ló ń bọ̀ wá jẹun. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Ọ̀tà, tí bàbá tàbí ìyá yín ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Ìkirè ni àwọn òbí mi ti kó wá. Ilé alájọgbé la gbà, yàrá kọjú sí yàrá, ilé ìdáná kan ṣoṣo fún gbogbo wa. Bí Màámi bá lọ sílé lọ kí ìyá wọn, dòdò Ìkirè ni wọ́n máa ń kó bọ̀, èyí tó dúdú kirikiri, tó ń ta èèyàn lẹ́nu. A ó jẹ ẹ́, a ó lá ọwọ́, a ó tún máa gbóòórùn ọwọ́ náà títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ariwo ẹ̀rọ ìhunṣọ yẹn kì í ṣe kékeré. Bàámi ní èèyàn lè máa pariwo sétí ẹnìkejì rẹ̀ níbẹ̀, kí onítọ̀hún sì kàn máa rẹ́rìn-ín sí i, nítorí kò gbọ́ nǹkan kan. Nítorí náà, tí wọ́n bá délé, tí mo kúnlẹ̀ pé "Ẹ káàbọ̀, sà," wọn kì í dáhùn. Màámi á bi wọ́n bóyá ẹ̀bà ni kí àwọn tẹ̀ tàbí kí àwọn bu ìrẹsì. Ìgbà tó bá yá ni wọ́n á fi ìka kan etí wọn: "Ẹ ní sùúrù. Etí mi ò tíì dé láti ibi iṣẹ́."

Mo gbà wọ́n gbọ́. Mo ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà rí tí mò ń retí etí Bàámi, tí mò ń rò ó pé ṣé yóò fi ẹsẹ̀ rìn wá ni àbí yóò wọ mọ́tò.

Ohun tí wọ́n máa ń ṣe títí etí á fi dé ni kí wọ́n gbé àwo orin Ẹgbẹ́ Okùn Mẹ́fà sórí ẹ̀rọ. Ọkùnrin márùn-ún ni wọ́n nínú ẹgbẹ́ náà; okùn mẹ́fà ara gìtá ni wọ́n fi jẹ́ orúkọ. Orin inú àlọ́ ni wọ́n kó jọ, àti orin òṣùpá tí àwọn ìyá wa ń kọ, ni wọ́n bá fi gìtá oníná lé e, wọ́n gbé ìlù òyìnbó sábẹ́ rẹ̀, ó di nǹkan mìíràn. Àwọn àgbà kan ní wọ́n ti ba orin ìbílẹ̀ jẹ́. Bàámi ní ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, etí tiẹ̀ gan-an ló ṣì wà níbi iṣẹ́.

Ẹ̀rọ orin wa ní sípíkà onígi kan tó dá dúró, tó ga tó èmi nígbà náà. Bàámi á jókòó tì í, wọ́n á na àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún lé e lórí, wọ́n á di ojú. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbọ́ orin. Ọkùnrin tó ń ta gìtá béèsì, ìyẹn gìtá olóhùn wúwo tó máa ń mi èèyàn láyà, ni wọ́n fẹ́ràn jù. Onísùúrù ni àwọn èèyàn ń pè é, nítorí kì í bá àwọn tó kù wọlé. Ìlù á ti bẹ̀rẹ̀, Ọ̀gá Délé tó ń lé orin á ti kọ ẹsẹ̀ kan tán, òun á ṣì dúró. Ìgbà tó bá wù ú ni yóò wọlé, gbì! Bàámi á mi orí, wọ́n á rẹ́rìn-ín.

Sìkírù, ọmọ ìyá alákàrà tó wà ní yàrá kejì, ni ọ̀rẹ́ mi. Ẹgbẹ́ ni wá, ọ̀dọ̀ ẹ̀fọn kan náà la sì ti gba ibà. Ní àárọ̀ Sátidé kan, lẹ́yìn tí mo ti fọ káákì iṣẹ́ Bàámi tán, tí mo ti ṣa òwú kúrò lójú gọ́tà kó má baà dí, tí a ti jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà gbígbóná, Sìkírù ní kí a lọ wò ó bóyá ọwọ́ ń gbọ́ràn lóòótọ́. A yọ́ wọlé, a gbé ọwọ́ lé sípíkà. Kò dún. A ò mọ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ.

Nígbà tí Bàámi dé, àtẹ́lẹwọ́ méjì tí epo àkàrà yà wà lórí igi tí wọ́n máa ń fi aṣọ rírọ̀ nù. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Wọ́n to gbogbo ọmọ ilé, wọ́n ń gbóòórùn ọwọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Sìkírù, wọn ò wulẹ̀ tíì tẹrí ba tí òun fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Wọ́n ní kí àwa méjèèjì kúnlẹ̀, kí a kọjú sí ògiri, kí a na ọwọ́ sókè. Bàámi wá tan orin tiwọn. Ọ̀gá Délé ń kọ ọ́:

"Ẹ bá mi kí i, ẹ ní mò ń bọ̀,
Ọ̀nà ló jìn."

Bí Onísùúrù ṣe wọlé báyìí, ìdí Sìkírù bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí ìkúnlẹ̀. Ọmọ tí ìyà ń jẹ o! Ẹ̀rín gbé Bàámi. Wọ́n pè wá, wọ́n nu ọwọ́ wa mọ́, wọ́n gbé e lé igi náà. "Ṣé ẹ gbọ́ ọ?" Mo gbọ́ ọ. Ó ń rìn nínú eegun ọwọ́ mi títí dé ìgúnpá. Títí dòní, tí mo bá rántí rẹ̀, apá mi á ṣe gìrì.

Ọdún ń gorí ọdún, etí Bàámi bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ níbi iṣẹ́. Nígbà tó yá, ó di ìrọ̀lẹ́ Sátidé kó tó dé. Wọ́n fẹ̀yìn tì, etí ò bá wọn fẹ̀yìn tì. A ra ẹ̀rọ ìgbọ́ràn fún wọn, wọ́n ní ó ń súfèé, wọ́n sọ ọ́ sínú agolo mílíìkì, wọ́n dé e pa. Lẹ́yìn tí Màámi jáde láyé, wọ́n kó lọ sí ilé kékeré tí àwọn méjèèjì jọ kọ́ sí Alápòtì. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n gbé ẹ̀rọ orin fún Sìkírù. "Kí ni adití fẹ́ fi orin ṣe?" Ẹnu wọn ni wọ́n fi sọ ọ́, mo sì rí i pé ó dùn wọ́n. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, àfi kó sún mọ́ etí òsì kó sì ké. Gbogbo àdúgbò ló mọ ọ̀rọ̀ ilé wa.

Ẹgbẹ́ Okùn Mẹ́fà náà dákẹ́. Àwọn kan nínú wọn kú. A gbọ́ pé ara Ọ̀gá Délé ò yá. Àwa tí a fẹ́ràn wọn kó ara wa jọ sórí Wáásáàpù, Sìkírù sì ni alága wa. Ní Sàngó-Ọ̀tà ló ti ń tún rédíò àti tẹlifíṣàn ṣe báyìí, ikùn rẹ̀ sì ti ṣáájú rẹ̀ dé ibi gbogbo. Àwo àtijọ́ là ń gbé síbẹ̀ fún ara wa, à ń kí ara wa ní ọjọ́ ìbí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àfi bí a ṣe gbọ́ lọ́dún yìí pé wọ́n ń gbé àwo tuntun jáde. Ẹ máa rò pé a yọ̀. Rárá o! Ìbẹ̀rù ló kó wa. Ẹnì kan ní wọ́n á ti kó kọ̀ǹpútà sí i. Òmíràn ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ló máa kọ gbogbo ẹ̀, pé orúkọ lásán ni wọ́n á lẹ̀ mọ́ ọn. Ìyá kan tó ń ta bàtà ní ọjà Ọ̀tà fi ohùn ránṣẹ́: "Mo ti sin ọkọ mi, mo ti sin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n sin ohùn Ọ̀gá Délé. Mi ò ní gbọ́ ọ." Sìkírù ní ká fi àdúrà sí i. Mo ní, "Alága, ṣé ìdánwò ni wọ́n fẹ́ ṣe ni?" Ṣùgbọ́n ní ìkọ̀kọ̀, èmi náà gbàdúrà.

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni ó jáde. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Nígbà tó pẹ́, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì kọ ọ́ sórí Wáásáàpù: "Ẹ gbọ́ ọ. Ẹ má bẹ̀rù." Ó tán.

Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ ní Ìyànà Ìyẹsí, mo gbé fóònù sétí. Ohùn Ọ̀gá Délé ti gbó o, kò lè gun òkè ibi tó máa ń gùn tẹ́lẹ̀. Tó bá débẹ̀, á rọra sọ ọ́ bí ẹni ń bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ni! Mo mí kanlẹ̀. Mo jókòó sórí ìdì aṣọ oníbàárà, mo sunkún ayọ̀.

Ìgbà tí mo máa padà sórí Wáásáàpù, ibẹ̀ ti gbóná. Ìyá oníbàtà tó ní òun ò ní gbọ́ ọ ní ìrẹsì òun ti jóná lórí iná nítorí rẹ̀, kí àwọn Okùn Mẹ́fà wá san án. Ohùn tí Sìkírù fi ránṣẹ́, fífún imú nìkan ló wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn kan bínú sí orin kan tí ọmọdékùnrin kan ti ń sáré sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé. Nígbà tí a gbọ́ pé ọmọ-ọmọ Onísùúrù ni, a dárí jì í lójú ẹsẹ̀. Èyí tó jọ gbogbo wa lójú ni pé wọ́n tún "Ọ̀nà Ló Jìn" kọ, Onísùúrù sì tún pẹ́ kó tó wọlé.

Ìdùnnú mi ò wá kún tó. Ta ló kọ́ mi ní orin yìí? Bàámi ńkọ́? Ní ọjọ́ Àìkú mo lọ sí Alápòtì, mo ké sí wọn létí òsì pé Okùn Mẹ́fà ti gbé àwo jáde. Ojú wọn tàn. "Àwo náà dà?" Kò sí àwo, inú fóònù ló wà. Mo tan án, mo gbé fóònù sí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Wọ́n di ojú, wọ́n dúró pẹ́. Wọ́n wá dá a padà fún mi. "Ó kàn ń yún mi lọ́wọ́ ni. Gbé e kúrò, Àbíkẹ́. Etí yẹn ò bọ̀ mọ́." Wọ́n yíjú sí ògiri. Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn.

Ìta ni mo ti pe Sìkírù. "Sípíkà onígi yẹn, ṣé ó ṣì wà?" Ó ní ó wà, pé orí rẹ̀ ni ìyàwó òun ń gbé kẹ́tù omi tíì lé. Mo ní, "Sọ kẹ́tù kalẹ̀, kí o máa gbé e bọ̀."

Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ló fi gbé e wá, ó dì í mọ́ra bí ìyàwó tuntun. Àmì ìdí kẹ́tù ti dúdú róbótó lórí igi náà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàámi. Bàámi wò ó, wọ́n ní, "Sìkírù, ṣé ìdí yẹn ṣì ń jó?" Ọkùnrin tó ní ọmọ ní yunifásítì ń tijú bí ọmọdé. Ó fi ẹ̀rọ kékeré kan tó mú wá láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ so fóònù mi pọ̀ mọ́ sípíkà. Bàámi ò fẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún lé igi náà nítorí tiwa.

"Ọ̀nà Ló Jìn" bẹ̀rẹ̀. Ojú Bàámi ò yí padà. Ọ̀gá Délé kọ ẹsẹ̀ kìíní, ojú ò yí padà. Sìkírù wò mí, mo wò ó. Mò ń sọ nínú mi pé bí ọwọ́ náà bá ti dití ńkọ́?

Gbì!

"Onísùúrù!" Bàámi ké. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì lé e pẹ̀lú. "Ọkùnrin yìí ṣì wà láyé?" A ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Omi ń dà lójú wọn, wọn ò nù ún. "Ohùn Délé ńkọ́?" Mo ké sí wọn létí pé ó ti gbó. Wọ́n ní, "Èmi náà ti gbó. Kó máa kọ ọ́."

Mo jókòó, mò ń wò wọ́n. Láyé ìgbà náà, àwo orin tóbi ju orí mi lọ, a máa ń fi aṣọ rírọ̀ nù ún. Lónìí, gbogbo orin wọn wà nínú fóònù tó ń sọ nù nínú báàgì mi. Nígbà náà, omi máa ń kó ewú Bàámi lọ ní ìrọ̀lẹ́. Ewú tòótọ́ ti dé báyìí, kò sí omi tó lè kó o lọ. Ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n dì yẹn, àti orí tí wọ́n ń mì yẹn, èyí tí mo mọ̀ ni. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Nígbà tí orin tán, ebi ti ń pa wá. Mo dìde, mo dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná bí Màámi ṣe máa ń dúró, mo fi ọwọ́ ṣe àpèjúwe: ẹ̀bà ni, àbí ìrẹsì?

Bàámi gbé ìka sókè, wọ́n kan etí wọn. Mo ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, mo ti fẹ́ máa bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Tẹ ẹ̀bà fún wa, Àbíkẹ́," ni wọ́n wí. "Etí mi ti dé."