Ṣọ́ọ̀kì Tí Kì í Tẹrí Ba

Àga ni ọkùnrin náà ń ṣe jẹun, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Alága. Kò sí ìpàdé kankan tó ń darí. Bó bá kó tìmùtìmù sínú àga tán, á di ẹ̀ṣẹ́, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á sì yọwọ́. Èyí tó bá gbéra padà kíá, ó yè. Èyí tó bá dùbúlẹ̀ síbẹ̀, òkú ni, síta ló ń jù ú. Ọgbọ́n kan ṣoṣo tó ní nìyẹn, òun náà ló sì fi ń wọn ohun gbogbo láyé: tìmùtìmù, ọmọ ìkọ́ṣẹ́, ìyàwó.

Ó jogún mọ́tò kan lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, arúgbó mọ́tò ẹlẹ́nu gígùn tó ń dán bí ìgò. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Orogún. "Ẹ bá mi kí orogún mi o," ni obìnrin náà máa ń wí bó bá rí ọkọ rẹ̀ tó ń fi aṣọ nù ún láàárọ̀. Nígbà yẹn, ó ṣì lè bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀. Nígbà tó yá ni egungun ẹ̀yìn obìnrin náà yẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n là á, wọ́n sì to egungun náà padà. Dókítà sọ ọ́ sí ọkọ létí kedere: "Bàbá, ẹ lè wá gbé wọn lọ́jọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n kí mọ́tò má jù wọ́n sókè o. Bí ibi tí a tò yẹn bá tún yẹ̀, wọn ò ní lè rìn mọ́."

Ṣọ́ọ̀kì tó wà lẹ́sẹ̀ Orogún sì ti gbó. Bó bá já sí kòtò, á máa fò sókè-sódò bí ọ̀pọ̀lọ́. Alága lọ ra tuntun ní ṣọ́ọ̀bù onípáátì.

Onípáátì kó oríṣi méjì sórí tábìlì. "Olómi nìyí, onígáàsì nìyí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú olómi. Òun ni wọ́n ṣe mọ́ mọ́tò ayé ìgbà yẹn. Onígáàsì á le jù fún un. Ta lẹ tiẹ̀ fẹ́ gbé?"

Alága sún mọ́ tábìlì. Ó gbé olómi dúró, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pá rẹ̀ wọ inú, ó sì dúró síbẹ̀. Ó tẹ onígáàsì. Ìyẹn le, bó sì ti yọwọ́ ló gbéra padà.

"Òkú lo fẹ́ tà fún mi."

"Kì í ṣe tìmùtìmù, ẹ̀gbọ́n. Sípíríǹgì ló ń gbé mọ́tò dìde. Ti ṣọ́ọ̀kì ni pé kó má jẹ̀ẹ́ kó máa fò."

"Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní mọ́tò? Ìwọ tó o fẹsẹ̀ rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù!"

Àwọn tó dúró níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Onípáátì wo bàtà rẹ̀ tó ti jẹ ní gìgísẹ̀, ó wo Alága, ó sì fi ọ̀rá wé onígáàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. "Ẹ̀yin lẹ kúkú mọ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ gbé," ó ní. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀, bí inú ẹni tó rí kòtò lọ́nà, tí kò sọ fún afọ́jú.

Mẹkáníìkì fi wọ́n sí i. Orogún dúró gbọin. Àwọn ọ̀rẹ́ Alága fi gbogbo ara tẹ imú mọ́tò náà, kò mì. "Mọ́tò yìí ò kí àgbà mọ́!" ni ọ̀kan nínú wọn wí. Alága rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó gbé ìyàwó rẹ̀ sórí àga ẹ̀yìn, aláwọ tuntun tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán. Ọ̀nà méjì ló lọ sílé. Ọ̀kan tẹ́jú. Ìkejì kún fún kòtò, ṣùgbọ́n ó kọjá níwájú ibi táwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń jókòó. Ìkejì ni Alága gbà.

Kòtò àkọ́kọ́ dà bí ìgbà tí èèyàn forí sọ ògiri.

"Bàbá wọn, ẹ rọra!"

"Mò ń rọra. Gbé ara ẹ dúró dáadáa."

"Ó ń gún mi. Ẹ jẹ́ n sọ̀, kí n wá takisí."

"Takisí? Kí wọ́n rí ìyàwó mi nínú takisí, tí mọ́tò mi wà nílẹ̀?"

Obìnrin náà ki etí gèlè bọ ẹnu, ó fi eyín dì í mú. Alága rí i nínú dígí. Ó gbé ojú kúrò nínú dígí, ó juwọ́ sáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹsẹ̀ òsì mi dà?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Mi ò mọ̀ ọ́n lára."

Alága di ẹ̀ṣẹ́, ó tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀, ó sì yọwọ́. Ẹsẹ̀ náà dùbúlẹ̀ síbi tó tẹ̀ ẹ́ sí.

Àwọn ará ilé ní kí wọ́n dá a padà sí ọsibítù. Alága ṣílẹ̀kùn Orogún. "Ẹ má gbé mi sínú rẹ̀ mọ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Orogún mi ti borí." Takisí jákujàku kan ni wọ́n gbé e sí, obìnrin kan tó ń bá wọn gbé ilé jókòó tì í. Alága nìkan ló wà nínú mọ́tò tirẹ̀, ó ń tẹ̀ lé wọn.

Ọ̀nà tó tẹ́jú ni takisí náà gbà. Ó ń rọra mì bí ìyá tó pọn ọmọ. Nínú gíláàsì ẹ̀yìn, Alága rí orí ìyàwó rẹ̀ lórí èjìká obìnrin náà. Ó ti sùn.

"Ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ti kú," ni Alága wí.

Ti takisí náà ló ń sọ. Kò sí ẹnì kankan nínú Orogún tó máa dá a lóhùn.