Ọkọ̀ Kan Ṣoṣo Tí Ó Ṣẹ́ Kù Ní Gáréèjì Bàbá Mi

Orúkọ mi ni Rachel Àbẹ̀kẹ́ Bánkọ́lé. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni mí. Ọmọ Daniel Ọ̀ṣúnlànà ni mí, Daniel tí í ṣe ọmọ Fátúnlà, àgbẹ̀ tí ó gbin ẹ̀gẹ́ sí ilẹ̀ Ìkòsí nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tí ì mọ̀ pé títì yóò gba ibẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi di ọ̀gá àgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo to gbogbo èyí sílẹ̀ nítorí pé ẹnì kan wà tí mo fẹ́ kí ó ka ọ̀rọ̀ yìí, mo sì fẹ́ kí ó dá mi mọ̀ láìṣiyèméjì.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ máa ń ka ohun tí mo bá kọ síbí, ẹ fara balẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nígbà tí wọ́n sọ gáréèjì bàbá mi di ilé àwòṣífìlà.

Gáréèjì tí mo ń wí kì í ṣe ibi tí èrò ti ń wọ ọkọ̀ o. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ni. Ní àdúgbò wa, bí ẹ bá ti yà kúrò ní Ketu sí ọ̀nà Ìkòsí, ilé fara kan ilé. Àwọn tí ó kọ́ wọn kò rò ó pé ayálégbé lè ní mọ́tò. Bàbá mi rí èyí. Ó mọ odi yí ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ bàbá rẹ̀ ká, ó fi páànù bo apá kan, ó sì gbin igi furúùtù sí apá kejì fún ibòji. Láti ìgbà náà ni àwọn ará àdúgbò ti ń gbé ọkọ̀ wọn síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí wọn á sì wá mú un ní òwúrọ̀. Bí furúùtù bá pọ́n, a máa já lu orí ọkọ̀, inú a sì máa bí àwọn ọlọ́kọ̀. Bàbá mi a ní kí ẹni tí kò bá fẹ́ furúùtù lọ gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí orí ibùsùn.

Bàbá mi ti lọ, páànù sì ti dípẹtà. Nígbà tí àbúrò mi Délé wá sọ fún mi pé àwọn kan fẹ́ kọ́ ilé alájà mẹ́jọ síbẹ̀, ilé tí àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣiṣẹ́ oṣù lè máa gbé, ṣé ẹ rò pé mo kọ̀ ni? Rárá. Mo mọ àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní ABD tí wọ́n ń ti ọ̀nà jíjìn wá síbi iṣẹ́, tí wọn kì í rí oòrùn àárọ̀ nínú ilé ara wọn. A kò jogún ilẹ̀ kí a kàn lè máa fi rántí òkú. Mo fọwọ́ sí i.

Ọ̀gá Múrí, tí ó ń ṣọ́ gáréèjì náà, ni ó sọ fún àwọn ọlọ́kọ̀ pé kí wọ́n wá ibòmíràn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kó jáde. Nígbà tí àkókò tí a dá fún wọn pé, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ó ṣẹ́ kù lábẹ́ igi: Gọ́ọ̀fù kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, tí wọ́n sì wọ̀ ní aṣọ.

Ẹ kò ṣì mí gbọ́. Aṣọ tí òjò kì í wọ̀ ni. Wọ́n wọn ọkọ̀ náà kí wọ́n tó rán an, wọ́n sì ṣe ibi tí dígí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yóò gbà yọ, bí ìgbà tí ènìyàn rán apá sí bùbá.

Ìyá Wàsíù ni ó rán an. Télọ̀ ni, ọmọ Ṣakí, aṣọ ilé-ìwé ni ó ń rán lẹ́bàá Mile 12. Àkọ́bí rẹ̀, Wàsíù, ni ó ni ọkọ̀. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, Wàsíù àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gba ọ̀nà aṣálẹ̀, wọ́n ní Yúróòpù ni àwọn ń lọ. Ó gbé Gọ́ọ̀fù náà sí abẹ́ furúùtù, ó kó kọ́kọ́rọ́ méjèèjì fún ìyá rẹ̀, ó ní kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á, pé ibẹ̀ gan-an ni òun yóò kọ́kọ́ dé bí òun bá padà. Ó pè lẹ́ẹ̀kan láti ìlú kan létí aṣálẹ̀. Láti ọjọ́ náà, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ẹ wá wò ó. Àwọn olè ti jí fóònù ìyá náà lọ, nọ́ńbà ti sọnù. Ó ti kó kúrò ní ilé lẹ́ẹ̀mejì. Kí ni ó wá kù ní Èkó yìí tí Wàsíù mọ̀, tí ó lè fi wá ìyá rẹ̀ rí? Gáréèjì bàbá mi nìkan.

Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ó máa ń wá. Á bọ́ aṣọ lára ọkọ̀, á fọ̀ ọ́, á nu dígí, á jókòó díẹ̀ sí àyè awakọ̀, kí ó tó wọ̀ ọ́ láṣọ padà. Ọkọ̀ náà kì í dáhùn mọ́ bí ó bá yí kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í yí i.

Délé fi ohùn tútù bá a sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn tí ń ra irin wà ní Ọ̀jọ̀tá, pé kí ó jẹ́ kí wọ́n wá gbé e, ó kéré tán, ohun tí wọ́n bá san yóò wúlò fún un.

Ìyá Wàsíù wò ó. "Alàgbà, ibo lẹ ti gbọ́ rí tí wọ́n ń pín ogún alààyè?"

"Ìyá Wàsíù, mi ò sọ pé ọmọ yín kú. Ọkọ̀ ni mo ní ó ti kú."

"Ọkọ̀ náà ò kú. Ó ń dúró ni."

Ọ̀gá Múrí dá sí i: "Ẹ̀ẹ̀yàn mi, táyà rẹ̀ ti rọ̀ pátápátá o."

"Ṣé tìẹ ò rọ̀ ni? Wo bó o ṣe ń rìn."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Múrí náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀, àwọn tí yóò wó odi sì ń bọ̀ ní ọjọ́ Ajé. Mo ní kí wọ́n gbé e wá sí iwájú ilé mi. Ilé mi kọjú sí géètì gáréèjì náà, òpópónà kan ṣoṣo ni ó là wá láàrin, ṣùgbọ́n nítorí kòtò ìdominù, ọkọ̀ ní láti lọ yípo kí ó tó wọlé sí ọ̀dọ̀ mi.

Ìyá Wàsíù ronú. "Mọ́mì, tí wọ́n bá kọ́lé yẹn tán, ṣé ẹ ó ṣì máa rí géètì?"

Mo ní bí ilé ti wù kí ó ga tó, ilẹ̀ ni ènìyàn yóò gbà wọlé.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta náà, Múrí fẹ́ atẹ́gùn sí táyà rẹ̀, ó sì wá ọkọ̀ kan tí yóò fi okùn fà á. Ìyá Wàsíù jókòó ní àyè awakọ̀, ó di síárìn mú. Mo ti múra dáadáa, mo wé gèlè pupa mi, nítorí pé n kì í jáde sí títì bí ẹni tí ilé jó mọ́ lórí.

Níbí ni nǹkan ti yí. Ẹ mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, àwọn awakọ̀ a máa fi ewé sí i, kí ẹlòmíràn má baà kọlù ú. Múrí fẹ́ ṣe bí awakọ̀ gidi. Ó lọ wá ewé, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ sì tó ni màrìwò ọ̀pẹ. Ó so ọ̀kan mọ́ iwájú, ó so ìkejì mọ́ ẹ̀yìn. Èmi wà lẹ́yìn odi nígbà náà, mò ń lé àwọn ewúrẹ́ kúrò lọ́nà. Ìyá Wàsíù ti wà ní àyè awakọ̀ ní tirẹ̀, ọkọ̀ tí yóò fà á ni ó ń wò, kò wo ìsàlẹ̀.

Ta ni nínú yín tí kò mọ ohun tí ọkọ̀ tí a so màrìwò mọ́ máa ń gbé?

A kò tí ì kúrò lẹ́nu géètì dáadáa tí ọkùnrin kan fi dúró létí títì, ó ṣí fìlà, ó tẹ orí ba. Ó ní, "Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ṣé àgbà ni àbí ọ̀dọ́?"

Ìyá Wàsíù gbọ́. Ó na ọrùn wo iwájú ọkọ̀, ó rí màrìwò tí ó ń mì. Ó tẹ bíréèkì tó bẹ́ẹ̀ tí okùn fi já. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ọkọ̀ ọmọ rẹ̀.

Kò pariwo. Ìbá sàn kí ó pariwo. Ojú Múrí ni ó ń wò, ó sì ń béèrè pé, "Ta ló sọ fún yín? Ta ló sọ fún yín tí ẹ ò sọ fún mi?"

Múrí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó búra pé ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan fún òun, pé ààmì lásán ni, pé ewé tí òun rí ni òun já. Ó fa màrìwò náà tu, ó jù ú sí kòtò. Obìnrin náà kò dìde. Ní ọkàn rẹ̀, gbogbo àdúgbò ti mọ̀, òun nìkan ni wọ́n fi pamọ́ fún.

Awakọ̀ tí ń fa ọkọ̀ ní òun kò lè lọ láìsí ààmì, pé bí ẹnikẹ́ni bá kọlù wọ́n lẹ́yìn, òun kọ́. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn wa sì ti ń fun fèrè.

Láti ìgbà tí mo ti lọ́kọ, ẹnikẹ́ni kò rí irun orí mi ní títì rí. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú gèlè. Lójijì, àwọn ènìyàn sún sẹ́yìn. Ẹ mọ ìdí rẹ̀: bí ìyá arúgbó bá ṣí gèlè ní ìta gbangba, ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀ ni tàbí ó fẹ́ ṣépè. Ọkùnrin tí ó kí wa kú ọ̀fọ̀ ti kúnlẹ̀: "Mọ́mì, ẹ forí jì mí, ẹ má ṣépè, mi ò mọ̀ ni." Mo sọ fún un pé n kò ní àyè èpè, kí ó jọ̀wọ́ bá mi di etí aṣọ mú.

A so gèlè pupa náà mọ́ ẹ̀yìn Gọ́ọ̀fù, a ṣe é ní kókó ńlá. Mo wá padà síwájú, mo na ọwọ́ sí i.

"Ìyá Wàsíù, dìde. Ọkọ̀ tí ó gbé òkú kì í wé gèlè."

Ó wo orí mi tí ó funfun bí òwú. Ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Omi ṣì wà lójú rẹ̀ nígbà tí ó sọ pé, "Mọ́mì, ọkùnrin mà ni Wàsíù. Ẹ wé gèlè fún ọkọ̀ ọkùnrin."

Mo ní kí ó wá bá mi jà bí ó bá dé.

Ó di ọwọ́ mi mú, ó sì dìde. Múrí ta okùn tí ó já pọ̀, mo sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀lé wọn títí dé ilé, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí mi lórí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ rí mi, ó kí mi, ó sì yára wo ilẹ̀. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa ni.

Ilé àwòṣífìlà náà ti parí báyìí. Ó lẹ́wà, n kò ní purọ́. Lójú oòrùn ọ̀sán, òjìji rẹ̀ a bo pèpéle ìta mi, a sì tutù ju ti furúùtù lọ. Ọmọ tuntun ti sọkún ní àjà kẹta. Àwọn òbí rẹ̀ a máa kí mi láti òkè. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí mo bá ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì wọn sọ̀rọ̀ pé bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá wá béèrè gáréèjì, kí ó darí rẹ̀ sí mi, ó ní, "Gáréèjì wo, Mọ́mì?" Kò mọ̀ pé gáréèjì wà níbẹ̀ rí. Gbogbo ẹ̀ṣọ́ tuntun tí wọ́n bá gbà ni mo ń lọ kọ́.

Ìyá Wàsíù kò yé wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, títí orúnkún fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ní ọjọ́ kan, ọkọ ọmọbìnrin rẹ̀ gbé ọkọ̀ akẹ́rù ńlá dé láti Ṣakí, ó ní ìyá kò lè dá gbé mọ́. Mo rò pé yóò fi Gọ́ọ̀fù sílẹ̀ fún mi. Ó kọ̀.

"Mọ́mì, kì í ṣe pé mi ò fọkàn tán yín. Ẹ̀yin náà ti dàgbà."

Ó dùn mí díẹ̀. Òótọ́ sì ni.

Ó yọ ọ̀kan nínú kọ́kọ́rọ́ méjèèjì fún mi, ó ní bí Wàsíù bá dé, kí ó rí nǹkan dì mú lọ sílé. Lẹ́yìn náà ni ó mú gèlè pupa mi jáde nínú àpò. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́. Mo gbà á, mo so ó padà mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà lórí ọkọ̀ akẹ́rù, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Òun ni mo ń wò títí wọ́n fi yà sí ọ̀nà Ketu.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ilé tuntun, mo bá yín yọ̀. Àwọn ènìyàn gbọ́dọ̀ rí ibi gbé. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wó ògbólógbòó, ẹ béèrè bóyá ẹnì kan wà tí ó fi ibẹ̀ ṣe àdéhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ibo ni ẹ ti ṣèlérí láti pàdé ẹnì kan, tí ibẹ̀ kò sí mọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ibí, kí ẹ dárúkọ ibẹ̀ dáadáa. Ẹni tí ń wá yín lè rí i kà.

Wàsíù, bí ó bá jẹ́ ìwọ ni ò ń ka èyí, má ṣe jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀ nígbà tí o bá dé Ìkòsí tí o kò rí gáréèjì. Kọ ẹ̀yìn sí ilé gíga náà. Ilé alájà kan tí ó wà níwájú rẹ, tí géètì rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ni tèmi. Kọ́kọ́rọ́ rẹ wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn; bí o kò bá bá mi, béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí o bá bá. Ìyá rẹ wà ní Ṣakí, ọkọ̀ rẹ wà nínú aṣọ rẹ̀. Mo fi ojú ara mi rí àwọn méjèèjì kẹ́yìn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kọkànlá, ọdún tí ó kọjá.