Gémù Tó Yẹ Ẹni Tó Ti Fi Irin Búra

Ọjọ́ tí Yẹ̀kínì gé ọwọ́ Japheth bọ́ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè Mápó, ọ̀sán gangan ni, oòrùn sì ń mú bí ẹni máa jó ènìyàn. Àwọn ọmọ gárèjì Mólété, tí Yẹ̀kínì wà lára wọn, ló kó ìjà dé, àwọn ọmọ Kúdẹtì ló gbà á lọ́wọ́ wọn. Ìgò ń fọ́, àwọn ìyá ń fa ọmọ wọlé, ajá pàápàá ti wábi sá sí. Ẹ má bi mí léèrè ohun tó fa ìjà náà, nítorí àwọn tó jà á gan-an kò rántí mọ́. Ohun tí gbogbo wọn rántí ni pé Japheth na ọwọ́ òsì sókè láti fi gba àdá, àdá náà kò sì dúró. Yẹ̀kínì rí ọwọ́ náà nílẹ̀, ìka rẹ̀ ṣì ń ká kò, síbẹ̀ ó tún gbé àdá sókè. Ẹnì kan ló fi òkúta bà á lórí láti ẹ̀yìn tó fi ṣubú. Bí kì í bá ṣe ti òkúta yẹn, ẹjọ́ ìpànìyàn ni ì bá jẹ́.

Ó ṣẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Nígbà tó dé, Àṣàbí, ìyá rẹ̀, kò jẹ́ kó wọ agbo ilé wọn ní Bẹ́yẹrunkà. Ìyá náà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọmọ owú tí bàbá bàbá Yẹ̀kínì fi ṣe alágbẹ̀dẹ láyé dání. Mùsùlùmí ni Yẹ̀kínì o, kì í pa ìrun jẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ alágbẹ̀dẹ tó bá fi irin búra mọ̀ pé irin kì í gbàgbé.

“Fẹnu kàn án,” ni ìyá wí. “Sọ pé o ò ní na ọwọ́ ìjà sọ́mọ ènìyàn mọ́. Sọ pé bí o bá tún ṣe é, irin ni kó pa ọ́.”

Yẹ̀kínì dọ̀bálẹ̀, ó fẹnu kan irin, ó sì sọ ọ́. Irin náà tutù, ó ń rùn bí ẹ̀jẹ̀. Ìyá wá yà lọ́nà, ó ní oúnjẹ wà nínú ìkòkò.

Ó lọ kọ́ iṣẹ́ fọ́kànáísà, ó sì rí àyè kan lábẹ́ páànù ní Bẹẹrẹ tó ti ń lẹ táyà. Ìbúra gba àdá lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gba ìjà kúrò nínú rẹ̀. Awakọ̀ kan á ní kò fẹ́ táyà òun dáadáa, á bú u mọ́ ìyá, ọwọ́ ọ̀tún Yẹ̀kínì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Á gbé òòlù, á máa lu rímù tí kò ṣe é ní nǹkan kan, títí gbogbo Bẹẹrẹ á fi di etí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti nawọ́ sí ọrùn awakọ̀, tó sì tún sáré fà á sẹ́yìn kó tó kàn án. Ẹ̀rù ìbúra náà ń bà á ju ti ẹ̀wọ̀n lọ. Ó mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọwọ́ yóò ṣáájú ọpọlọ, ọjọ́ náà ni yóò kú.

Ọpẹ́yẹmí tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ páànù kan náà ló kọ́kọ́ dárúkọ gémù. Ọmọ Aládùúrà ni, ó tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ tó fi ń ṣí fóònù lọ.

“Ẹ̀gbọ́n Yẹ̀kínì,” ó ní, “ẹ wá máa jà níbí o jàre. Ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ kì í ta sáṣọ.”

Ó ṣàlàyé pé àwọn gémù kan wà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn káàkiri ayé jọ ń ta lẹ́ẹ̀kan náà lórí fóònù. Kálukú á yan ẹni tó fẹ́ jẹ́ níbẹ̀, á gba orúkọ, á máa lágbára sí i bí ọjọ́ ti ń lọ. Ó fi ọ̀kan sórí fóònù Yẹ̀kínì.

Gémù àkọ́kọ́ yẹn, pípa ṣáá ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ẹnì kejì ló ń pa á, kò sí ọlọ́pàá, kò sí baálẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, ìgbà mẹ́tàdínlógún ni wọ́n pa Yẹ̀kínì lẹ́nu ibodè, kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ idà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, òun náà ti dé. Ó ń bẹ́ orí, ó ń gún àyà, ó ń lé àwọn tó ń sá wọ igbó, ó sì ń dá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n rín ní gìgísẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Awakọ̀ bú u, kò gbọ́ pàápàá.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó ká ẹnì kan mọ́ etí odò nínú gémù náà. Ẹni yẹn ju idà sílẹ̀. Ohùn bá jáde látinú fóònù, ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin, Yorùbá ló sì ń sọ.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ má pa mí. Oṣù mẹ́ta ni mo fi kó ẹrù yìí jọ.”

Kí etí Yẹ̀kínì tó gbọ́, ìka rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́. Orí yí gbirigbiri wọ odò. Ohùn náà bú sẹ́kún, ó sì dákẹ́. Ìtọ́wò irin bá kún Yẹ̀kínì lẹ́nu, bí ìgbà tó dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn gẹ́lẹ́. Ẹ̀rù bà á tó bẹ́ẹ̀ tó fi palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́ lọ́sàn-án, ó gba ilé lọ.

Àṣàbí ń bó ẹ̀gúsí nígbà tó wọlé.

“Màámi, bí ènìyàn bá pa ènìyàn nínú gémù, ṣé ìbúra gbọ́ ọ?”

“Ṣé ènìyàn ló wà lódì kejì?”

“Ènìyàn ni, Màámi. Ó sunkún.”

“Ìwọ mọ̀ pé ènìyàn ni?”

“Mo mọ̀.”

“Inú rẹ sì dùn?”

Yẹ̀kínì ṣa èèpo ẹ̀gúsí kan nílẹ̀.

“Ó dáa,” ni ìyá wí, ó mú ẹ̀gúsí mìíràn. “Kí ló wá kù tí o fẹ́ bi irin léèrè?”

Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín. Ará ìlú mìíràn á ní eré ni, kí ni ti irin níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ Àṣàbí kò jẹ́ bá a jiyàn. Yẹ̀kínì yọ gémù náà kúrò kó tó fẹnu kan oúnjẹ.

Ọpẹ́yẹmí wá gémù mìíràn, ó rí ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni ò ti lè pa ẹnikẹ́ni. Wọ́n fún Yẹ̀kínì ní ọkọ́, wọ́n ní kó gbin kárọ́ọ̀tì. Ó gbin kárọ́ọ̀tì fún ọjọ́ mẹ́rin.

“Ọpẹ́yẹmí,” ó ní, “oko ni mo sá fún tí mo fi di ọmọ gárèjì. Ṣé o fẹ́ dá mi padà ni?”

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ló gbé irin tí wọ́n fi ń ṣí táyà sí awakọ̀ kábúkábú kan. Ènìyàn mẹ́fà ló dì í mú. Irin náà ku díẹ̀ kó kan etí ọkùnrin náà. Nígbà tí wọ́n fi í sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, “Mo ti kú tán, Ọpẹ́yẹmí.”

Ọpẹ́yẹmí kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó ronú títí, ó ní ẹ̀bi òun ni. Gémù lòun ń wá fún un, òun kò wá ipò fún un. Ó ní kó wá sínú èyí tí òun àti àwọn ará Ìbàdàn kan jọ ń ta. Orúkọ gémù ni wọ́n ń jẹ́ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ojú ẹnì kejì. Ẹranko abàmì nìkan ni wọ́n ń bá jà, ènìyàn mẹ́rin ló sì ń jọ wọ ihò lọ bá wọn. Ẹni méjì á máa ṣá, ẹnì kan á máa wo ọgbẹ́ sàn, ẹnì kan á gbé asà. Alásà kì í pa nǹkan. Iwájú ni yóò dúró, yóò máa bú ẹranko náà títí inú ẹranko á fi bí sí òun nìkan, yóò sì máa gba gbogbo ohun tó bá ń bọ̀, kó má baà kan àwọn tó wà lẹ́yìn.

“Wọ́n á máa nà mí, n ò ní nà wọ́n padà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Ta ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀?”

“Wọn kì í rí ẹni ṣe é. Bíbẹ̀ ni wọ́n máa ń bẹ alásà.”

Kò mọ̀ ọ́n rárá níbẹ̀rẹ̀. Bí ẹranko bá ti fọwọ́ kàn án, inú á bí i, á fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, á fi asà máa lé e kiri. Ọ̀nì kan tó gùn tó bọ́ọ̀sì mẹ́ta á wá yí padà, á fa àwọn tó kù ya bí ẹni fa aṣọ. Lójúmọ́ kan, ìgbà mẹ́sàn-án ni gbogbo wọn kú nítorí tirẹ̀. Ọpẹ́yẹmí bú u, ẹnì kejì tó ń ṣá bú u mọ́ ìran. Oníwòsàn wọn nìkan ni kò bú u. Kì í sọ̀rọ̀, kíkọ ló ń kọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó jáde: “Ẹ dúró síbi tí ẹ wà. Mo wà lẹ́yìn yín.”

Yẹ̀kínì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Èékánná ya àyà rẹ̀, ó dúró. Iná jó ojú rẹ̀, fóònù pọ́n wẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀, ẹ̀mí ku ìka kan, ó dúró. Ìwòsàn á pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n á dé. Láàárín oṣù méjì, orúkọ rẹ̀ ti kàn nínú ẹgbẹ́ náà, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ń bẹ̀ ẹ́ kó wá bá wọn wọ ihò. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, wọ́n ń ní kó kúrò níwájú àwọn ni. Awakọ̀ á bú u ní Bẹẹrẹ, Yẹ̀kínì á ní, “Ẹ má bínú, ọ̀gá,” á máa fẹ́ táyà rẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ dùn, mo sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìwòsàn pẹ́ jù, ọ̀nì pa gbogbo wọn. Ẹnì kejì tó ń ṣá bá bẹ̀rẹ̀ sí í bú oníwòsàn. Oníwòsàn kọ̀wé padà, ó sì pẹ́ kó tó jáde.

“Ẹ má bínú. Ọwọ́ kan ni mo ní. Wọ́n gé èkejì ní Mápó lọ́dún méje sẹ́yìn.”

Yẹ̀kínì rọra gbé fóònù sílẹ̀ lórí táyà. Ọjọ́ márùn-ún ni kò fi wọ gémù náà, ojoojúmọ́ sì ni oníwòsàn ń kọ̀wé sí i: “Alásà, ẹ dà? À ń retí yín.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju èébú lọ. Lọ́jọ́ kẹfà, ó fi ìka kan tẹ èsì rẹ̀:

“Japheth, èmi Yẹ̀kínì ni mo gé e. Bẹẹrẹ ni mo ti ń lẹ táyà. Ohun tó bá wù yín ni kí ẹ fi mí ṣe.”

Èsì kò dé. Nítorí ọwọ́ kan, orí tábìlì ni Japheth máa ń tẹ́ fóònù sí, Olúsànyà àbúrò rẹ̀, tí Yẹ̀kínì mọ̀ láti ìgbà ẹjọ́, sì kà á níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, Olúsànyà àti ọkùnrin méjì sọ̀ kalẹ̀ nínú kábúkábú ní Bẹẹrẹ, àdá mẹ́ta lọ́wọ́ wọn.

Irin tí wọ́n fi ń ṣí táyà wà lọ́wọ́ Yẹ̀kínì. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ ibi tó yẹ kó lọ: ìgbọ̀nwọ́ ti àkọ́kọ́, orúnkún ti èkejì, ọrùn Olúsànyà. Lẹ́yìn rẹ̀, Ọpẹ́yẹmí há mọ́ kọ̀rọ̀ páànù, kò ríbi gbà. Yẹ̀kínì ju irin sílẹ̀. Ó fa ògbólógbòó táyà bọ́ọ̀sì kan, ó gbé e dí àyà, ó sì pariwo.

“Olúsànyà! Èmi lo wá bá, ojú rẹ fọ́ ni? Ibí ni mo wà! Ọ̀lẹ lásánlàsàn!”

Wọ́n dà bò ó. Àdá àkọ́kọ́ há sínú rọ́bà. Èkejì gbá etí òsì rẹ̀ lọ. Wọ́n ṣá a léjìká, wọ́n ṣá a nítan, wọ́n ṣá ọwọ́ òsì tó fi di táyà mú, ìka méjì bọ́ sínú ọpọ́n omi tó fi ń wá ihò táyà, omi pọ́n. Àwọn ènìyàn ń sá gba ọ̀nà Oríta-mẹ́rin, Ọpẹ́yẹmí ń ké. Yẹ̀kínì kò na ọwọ́ sí ẹnikẹ́ni. Kò sì kúrò níwájú Ọpẹ́yẹmí.

Japheth náà ti wá ka èsì Yẹ̀kínì; ọ̀kadà kan ló já a sílẹ̀, bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí.

“Olúsànyà! Ọwọ́ ta ni wọ́n gé?”

“Ọwọ́ yín ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ṣé mo rán ọ?”

Olúsànyà gbé àdá dúró lófuurufú. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó sọ àdá náà sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àwọn méjì tó kù sá lọ.

Yẹ̀kínì kò mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti bò ó lójú, ó ṣì gbé táyà sókè, ó ṣì ń pariwo pé kí wọ́n wá. Japheth yí i ká bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo wé e mọ́ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń tú, ó fi eyín di etí kejì aṣọ náà mú, ó sì fà á le.

“N ò tíì dárí jì ẹ́ o,” ó ní láàárín eyín. “Ṣùgbọ́n dúró. Mo wà lẹ́yìn ẹ.”

Yẹ̀kínì dákẹ́. Ó dúró.