Igi Ẹ̀gẹ́ àti Kọ̀ǹpútà Mi

Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní oríta Ọ̀rẹ̀ kò tiẹ̀ jókòó kó tó dá kọ̀ǹpútà mi tó ti ń falẹ̀ lẹ́jọ́ ikú. Ó ní òun yóò nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò, kí òun tó lè tún un ṣe. Inú bí mi. Mo gbá kọ̀ǹpútà mi mọ́ra, mo gun ọ̀kadà padà sí Odígbó.

Ohùn bàbá onílé mi ló wà nínú rẹ̀. Tíṣà ni mí, wọ́n gbé mi wá síbí láti ìlú mìíràn, bàbá àgbẹ̀ yìí ló sì gbà mí sílé. Nírọ̀lẹ́, yóò máa sọ ìtàn oko kòkó rẹ̀, èmi yóò máa gbà á sílẹ̀. Mo ṣèlérí pé màá tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Mo ń fòní dónìí, mo ń fọ̀la dọ́la, títí àìsàn rọpárọsẹ̀ fi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu bàbá.

Olùkọ́ ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ wa ló mú filáàṣì kan wá fún mi. Ó ní Linux ló wà níbẹ̀, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Mo bi í pé kí ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ọ̀la. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé wọ́n ń ta igi ẹ̀gẹ́ fún yín ní Odígbó yìí ni? Ẹ bá ẹni tó ń tu ẹ̀gẹ́ lóko, ẹ ṣẹ́ igi, ẹ lọ gbìn ín. Bí tiyín náà bá gbó, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣẹ́ níbẹ̀."

Mo ki filáàṣì náà bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, mo tàn án. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ kọ́kọ́ dán òun wò, àbí kí òun wọlé pátápátá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ta ló tún ń jẹ́ kéèyàn tọ́ nǹkan wò láyé ìsinsìnyí? Mo ní kó jẹ́ ká dán an wò ná.

Kọ̀ǹpútà tó máa ń mí hẹlẹhẹlẹ bí arúgbó tó ń gun òkè wá ń sáré. Kò bi mí ní orúkọ, kò fi ìpolówó kankan dí mi lójú. Wáfáì nìkan ló kọ̀ jálẹ̀, mo sì bú u díẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ohùn bàbá wà níbẹ̀, ẹyọ kan ò sọnù. Mo ṣe ẹ̀dà wọn sí ibòmíràn kí n tó gba Linux láyè láti di onílé.

Mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ bá bàbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo tan ọ̀kan nínú àwọn ìtàn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ jáde ketekete: "Ọdún tá a kọ́kọ́ dé oko kòkó yẹn, a ò ní nǹkan kan. Ará ìlú Ajue kan ló ní ká wá ṣẹ́ igi ẹ̀gẹ́ lóko òun. Tíṣà, fi ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀ ná, oúnjẹ rẹ ti ń tutù."

Bàbá fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín. Omi bọ́ lójú mi. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ tọ́ka sí kọ̀ǹpútà, ó wá tọ́ka sí ìka mi.

Mo jókòó tì í, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn rẹ̀.