Agbálán Tí Bíró Pupa Pa Rẹ́

Ọjọ́ tí mo lọ gba ìwé mi ní Yábàá, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn padà sílé ní Mùṣin. Kì í ṣe pé mi ò lówó ọkọ̀, inú mi ló dùn jù, mi ò lè jókòó. Ẹ̀dà mẹ́fà ni wọ́n fún mi. Mo kó o sáyà, mo dì í mú bí ẹní gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, mò ń rìn, mò ń sáré díẹ̀, mo tún ń rìn. Nígbà tí mo dé abẹ́ bíríìjì Ojú Ẹlẹ́gbà, kọ̀ńdọ́kítọ̀ kan ní, “Àǹtí, ta lẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí?” Mo ní ìwọ ni. Ó ní, “Ẹ wọlé nígbà yẹn, ọ̀fẹ́ ni tiyín lónìí.” Mi ò wọlé, mo kàn ń rẹ́rìn-ín lọ.

Orúkọ mi wà lára ìwé. Èmi tó jẹ́ pé ìwé mẹ́wàá ni mo kà mọ, tí èsì ìdánwò mi ò tíì gbé mi dé yunifásítì kankan, èmi ni wọ́n tẹ orúkọ mi sábẹ́ àwòrán ọmọbìnrin kan tó ń wo ara ògiri. Páálí ẹ̀yìn ẹ̀ ò lágbára, gọ́ọ̀mù ẹ̀ ò tíì gbẹ dáadáa, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fẹ́ kó lẹ̀ mọ́ mi.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sún mọ́ ilé ni ẹsẹ̀ mi ń wúwo. Nítorí pé ọmọ tí mo kọ ìtàn ẹ̀ sínú ìwé yẹn, àbúrò mi obìnrin ni. Ó ti kú, a kì í sì í dárúkọ ẹ̀ nílé wa.

Ọmọ ọdún méje ni nígbà tó lọ. Ibà ni, ọjọ́ mẹ́ta péré. Sùkúù ni mo wà lọ́jọ́ náà, kí n tó dé, àwọn bàbá àdúgbò ti gbé e lọ sin. Wọn ò jẹ́ kí bàbá mi àti màmá mi tẹ̀ lé wọn, wọn ò sì sọ ibi tí wọ́n sin ín sí fún wọn dòní, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn tí ọmọ bá kú lójú òbí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin wá láti Agége, wọ́n kó aṣọ ẹ̀, wọ́n kó bàtà ẹ̀, wọ́n kó síléètì ẹ̀, wọ́n ní ká má dárúkọ ẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ẹní bá ń pe ọmọ tó ti lọ, ẹkún ló ń pè wálé, àwọn ọmọ tó kù ò ní lè fọkàn balẹ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo tí a jọ yà lọ́jọ́ Iléyá, a ò rí i mọ́.

Ilé wa wá dákẹ́. Bàbá mi ń kan ara mọ́tò ní Ládìpọ̀, wọ́n á dé, wọ́n á kírun, wọ́n á jẹun, wọ́n á kojú sógiri. Aránṣọ ni màmá mi. Yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ sùkúù ni wọ́n máa ń rán, nínú yàrá iwájú tó kọjú sí títì. Látàárọ̀ dalẹ́, ẹsẹ̀ wọn ò kúrò lórí máṣíìnì. Àwọn ọmọ ọdún méje ń wá, màmá mi ń fi téèpù wọn èjìká wọn, wọ́n ń ní kí wọ́n nàró, kí wọ́n má mira. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo máa ń wo ojú màmá mi nígbà náà, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Nígbà tí mo jáde sẹ́kọ́ńdìrì, wọ́n fi mí síbi tí wọ́n ti ń kọ́ táípù nítòsí Ojú Ẹlẹ́gbà. Ọ̀gá wa, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, máa ń ní ká tẹ ohunkóhun tó bá wà lórí wa, kí ìka wa ṣáà lè yá. Àwọn yòókù ń tẹ lẹ́tà ìwáṣẹ́. Èmi, àbúrò mi ló wà lórí mi.

Àbúrò mi fẹ́ràn alángbá. Tó bá rí ọ̀kan lára ògiri tó ń mi orí, á dúró síwájú ẹ̀, á máa mi orí tiẹ̀ náà, àwọn méjèèjì á wà bẹ́ẹ̀ bí àgbàlagbà tó ń kíra wọn. Kò sì lè pe orúkọ ẹ̀ dáadáa. Agbálán ló máa ń pè é. “Àǹtí mi, agbálán ní kí n máa bọ̀.” A ó rẹ́rìn-ín títí, a ó ní kó tún un pè, á ní, “Ohun tí mo pè náà nìyẹn.” Nínú ìtàn tí mo tẹ̀, agbálán kan pè é lóòótọ́. Ó tẹ̀ lé e gba inú ihò ògiri, wọ́n ń ti ẹ̀yìnkùlé bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n gba ojú irin dé Yábàá, wọ́n rí oríṣiríṣi, nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ó padà wálé. Torí kó lè padà wálé ni mo ṣe kọ ọ́, kí n sòótọ́.

Ìgbà yẹn, Sáàpù tí ìjọba fi dín agbára náírà kù ti dé, ìwé ọmọdé tó ń ti òkè òkun wá ti kọjá owó wa. Àwọn kan tó ń ṣe ìwé jáde ní Yábàá wá ní àwọn ń wá ẹni tí kò kọ̀wé rí, kó kọ ìtàn fún àwọn ọmọdé àtàwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ọ̀gá táípù ló gbọ́. Wọ́n ka tèmi tán, wọn ò rẹ́rìn-ín náà, wọ́n ní, “Lọ gbé e fún wọn, kó o tó lo ríbọ́ọ̀nù mi tán.”

Àwa mẹ́ta ni wọ́n mú. Tíṣà kan kọ ti àwọn ọmọ họ́sítẹ́ẹ̀lì, ọmọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ kọ ti ọmọ tó fẹ́ máa wa ọkọ̀ ojú irin. Ọjọ́ kan náà la lọ gba ìwé wa. A jókòó sórí àga gígùn kan, à ń yẹ ìwé ara wa wò, à ń ki ara wa kú ewu, bí àwọn ìyá ìkókó.

Mo délé, mo ti ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí màmá mi bá mọ ọmọ inú ẹ̀, mi ò mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ẹkún lè bẹ̀rẹ̀ nílé wa kó má tán, tàbí kí wọ́n ní kí n kó gbogbo ẹ̀ dànù, ìwé tí mo tìtorí ẹ̀ rẹ́rìn-ín láti Yábàá dé Mùṣin.

Màmá mi ní, “Kí ló dùn mọ́ ẹ tó báyìí?”

Mo ní, “Kò sí, mà.”

“Ọkùnrin ni?”

“Rárá, mà.”

“Tó bá jẹ́ ọkùnrin ni, sọ fún un kó wá bá mi tún ẹsẹ̀ máṣíìnì yìí ṣe.”

Ọjọ́ kejì ni mo tó jókòó kà á, ọjọ́ kìíní mo kàn ń gbóòórùn ẹ̀ ni. Ojú ewé kejì ni mo ti rí i. Alángbá. Mo ṣí iwájú, alángbá. Mo ṣí àárín, mo ṣí ìparí, alángbá. Gbogbo ibi tí mo ti tẹ agbálán pátá, wọ́n ti sọ ọ́ di alángbá.

Mo padà sí Yábàá. Bàbá onígíláàsì kan ló máa ń yẹ ìwé wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n fa bébà tí mo táípù jáde nínú fáìlì, wọ́n fi hàn mí: bíró pupa ti dá agbálán kọ̀ọ̀kan lágbede méjì.

“O ṣì í tẹ̀ ni,” ni wọ́n wí. “Mo bá ẹ tún un ṣe. Bíró mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán sí i.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò ṣì í tẹ̀. Bí ọmọ yẹn ṣe ń pè é nìyẹn.”

“Ọmọ wo?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ilà pupa náà.

Wọ́n bọ́ gíláàsì wọn. Wọn ò bínú. “Ìyá mi, ìwé ọmọdé lèyí. Tíṣà á kà á fún wọn ní kíláàsì. Àbí o fẹ́ kí gbogbo ọmọ Èkó máa pe alángbá ní agbálán ni?”

Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ní, “Ẹ ṣé, sà.”

Mo sunkún díẹ̀ lójú ọ̀nà. Àmọ́ kí n tó délé, ọ̀rọ̀ míì sọ sí mi lọ́kàn. Agbálán yẹn nìkan ni àmì tí màmá mi fi lè dá a mọ̀. Orúkọ míì ni mo fún ọmọ inú ìwé, mo fún un ní ilé míì, mo fún un ní ìyá míì. Tí agbálán bá ti kúrò níbẹ̀, ọmọ kan lásán ló kù, ọmọ ẹnikẹ́ni. Mo lè gbé ìwé náà síta. Inú mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, ojú sì ń tì mí pé ó ń dùn.

Mo mú ọ̀kan lọ bá màmá mi nídìí máṣíìnì, mo ní mo kọ ìwé. Wọ́n gbà á, wọ́n yí i sókè, wọ́n yí i sódì. Màmá mi ò mọ ABD, ilé kéú ni wọ́n lọ.

“Èwo ni orúkọ ẹ níbí?”

Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n fi ìka tẹ̀ lé e látìbẹ̀rẹ̀ dópin. “Ó gùn,” ni wọ́n wí. Ẹnu wọn fẹ́ rẹ́rìn-ín. “Kí ló wà nínú ẹ̀?”

“Ìtàn ọmọdé lásán ni, mà.”

Wọ́n ní kí n gbé e sórí báńṣì níbi táwọn ọmọ máa ń jókòó sí dúró de aṣọ wọn, kí wọ́n lè rí i pé ọmọ aránṣọ náà mọ nǹkan kan.

Ní Sátidé, ọmọbìnrin kan wá gba yunifọ́ọ̀mù. Màmá mi ò tíì ṣẹ́ etí aṣọ ẹ̀ tán, ó bá jókòó, ó mú ìwé, ó ń kà á sókè bí wọ́n ṣe ń kà ní kíláàsì. Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni mo wà, mò ń ṣa ẹ̀wà. Ìdùnnú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ọmọ tí mi ò mọ̀ rí ń ka ọ̀rọ̀ tí mo kọ, ó ń dánu dúró níbi tó yẹ, ó ń rẹ́rìn-ín níbi tí mo fẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Máṣíìnì ń lọ, òun náà ń kà lọ. Ó kà á pé, “Alángbá mi orí. Òun náà mi orí tiẹ̀.”

Máṣíìnì dúró.

“Tún ibẹ̀ kà,” ni màmá mi wí.

Ó tún un kà.

“Agbálán ni.”

“Mà?”

“Kì í ṣe alángbá. Agbálán ni.”

“Alángbá ni wọ́n kọ síbí, mà. Ẹ wò ó.”

“Mo ní agbálán ni.”

Ọmọ náà wo ìwé, ó wo màmá mi. “Ṣé ẹ mọ̀wé ni, mà?”

“Mi ò mọ̀wé,” ni màmá mi wí. “Mo mọ ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀.” Wọ́n ká yunifọ́ọ̀mù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Máa lọ sílé, á yá lọ́la.”

“Ẹ sì ní òní ni.”

“Máa lọ.”

Ó lọ. Wọ́n pè mí. Mo jáde, mo kúnlẹ̀, ẹ̀wà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

“Ta ló ní kó o pe ọmọ tó ti lọ?”

“Ẹ dárí jì mí, mà.”

“Mo ní ta ló ní kó o pè é.”

Ìwé wà lórí itan wọn, ọwọ́ wọn wà lórí ẹ̀, mò ń retí kí wọ́n fà á ya. Mo ti ń rò ó pé márùn-ún ló kù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bóyá màá lè gbé wọn pamọ́ sílé ọ̀gá táípù.

“Níbo ni agbálán yẹn mú un lọ?”

Mo sọ fún wọn. Gbogbo ẹ̀yìnkùlé, gbogbo ojú irin. Wọn ò wo ojú mi, títì ni wọ́n ń wò.

“Ó padà wálé?”

“Ó padà wálé, mà. Ó di ìrọ̀lẹ́, ó padà wálé.”

“Ó jẹun?”

“Mi ò kọ ìyẹn, mà. Ó wọlé, ó sùn ni.”

Wọ́n mi orí. “Ìrẹsì ló béèrè,” ni wọ́n wí. “Lọ́jọ́ kẹta yẹn, o ti lọ sùkúù. Ó ní ìrẹsì lòun fẹ́ jẹ. Mo ní ẹ̀kọ gbígbóná ni wọ́n ń fún ẹni tí ara ẹ̀ ò yá, pé kó mu ún, màá se ìrẹsì lọ́la.” Wọ́n fọwọ́ ra ẹ̀yìn ìwé náà. “Ìrẹsì wà nílé.”

Mi ò gbọ́ ọ rí. Ó dá mi lójú pé bàbá mi náà ò gbọ́ ọ rí. Ó yẹ kí n sọ pé mo sunkún lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n màmá mi nìkan ló sunkún, láìpariwo, omi kàn ń já bọ́ sórí aṣọ ọmọ ọlọ́mọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni. Èmi, mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, inú mi ń dùn. Mo mọ̀ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti kó síléètì ẹ̀ lọ sí Agége, ẹnikẹ́ni ò bá mi sọ̀rọ̀ àbúrò mi, ìgbà yẹn ni ẹnì kan wá ń bá mi sọ ọ́, ìwé mi ló sì fà á.

Wọ́n nu ojú. “Bàbá ẹ ò gbọdọ̀ gbọ́,” ni wọ́n wí, wọ́n fi ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì, lórí àwọn òwú.

Níbẹ̀ ló wà. Tí bàbá mi bá ti lọ sí Ládìpọ̀, tí ọmọ kan tó mọ̀wé kà bá jókòó de aṣọ, màmá mi á mú un jáde, wọ́n á ní kó kà á. Tó bá dé ibi alángbá, wọ́n á tún un ṣe fún un. Àwọn ọmọ ti ń fi rẹ́rìn-ín, àwọn kan ti ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú títì. Mo máa ń wà lẹ́yìn kọ́tìnnì. Wọ́n á kà á dé ìparí, ibi tí ọmọ náà ti wọlé tó dùbúlẹ̀, màmá mi á wá ní, “Wọ́n sì bu ìrẹsì fún un.”

“Kò sí níbí, mà.”

“Ṣí iwájú.”

Ọmọ náà á ṣí iwájú. Á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, mà, ó ti tán. Ẹsẹ̀ màmá mi á ti padà sórí máṣíìnì.